Ẹ̀ka Igi Páìnì tí Mo Gé

Ọdún mẹ́ta gbáko ni bàbá mi fi ń sọ fún gbogbo ará Ifangni pé ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ ní mairie nílẹ̀ Faransé. Èmi ni mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Irọ́ náà kò sì jẹ́ irọ́ tán, nítorí mairie, ìyẹn ìjọba ìlú tí mò ń gbé, ló gbà mí síṣẹ́ lóòótọ́. Ohun tí mi ò sọ ni pé mi ò ní tábìlì, mi ò ní àga, mi ò ní bureau, ìyẹn ọ́fíìsì, kankan. Orí àkàbà ni wọ́n gbé mi sí, nínú ọgbà ńlá kan tí wọ́n ṣe ní àṣà àwọn ará Japan, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa gé igi, kí n máa já ewé.

Ká ní irọ́ yìí nìkan ni, bóyá mi ò ní jókòó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń pa irú rẹ̀ fún ará ilé. Ṣùgbọ́n irọ́ yìí bí òmíràn, òmíràn náà sì ṣubú lu ẹni tí kò ṣẹ̀ mí rárá. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ojú mi á gbóná, á dà bíi pé gbogbo èrò ló ń wò mí.

Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì CM1 nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá ló tọ́ mi. Àgbẹ̀ ni. Ilé wa wà ní Ifangni, ṣùgbọ́n oko rẹ̀ wà ní apá Ko-Koumolou: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, àti ọ̀pẹ tí bàbá tirẹ̀ gbìn. Ọ̀pẹ yẹn ló fi rán mi lọ sí ilé ìwé. Ó máa ń fi igbà gùn ún, á gé imọ̀ rẹ̀ dànù, á bẹ́ ìdì ẹyìn sílẹ̀, èmi á sì máa ṣa èyí tó bá fọ́n ká. Bí mo bá mú àdá láti ràn án lọ́wọ́, á gbà á lọ́wọ́ mi.

“Ìyá mi,” á wí, torí orúkọ ìyá rẹ̀ ló sọ mí, “fi èyí sílẹ̀. Ìwé ni tìẹ. Ọwọ́ ẹ ò gbọdọ̀ le bíi tèmi.”

Mo ṣe bó ṣe wí. Mo gba bac, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé girama, mo gba licence, oyè yunifásítì àkọ́kọ́, mo sì rí àyè ní yunifásítì kan níhìn-ín. Nígbà tí mò ń kúrò nílé, ó kó àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n ṣe àdúà fún mi. Ó ní, “Ẹ wò ó dáadáa o. Ẹ ṣì máa gbọ́ orúkọ rẹ̀.”

Ohun tí wọn ò gbọ́ ni pé mo fìdí rẹmi ní ọdún kejì.

Ní ti òtútù, gbogbo èèyàn ti sọ ọ́ fún mi kí n tó dé, mo sì ti múra sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa ìdákẹ́jẹ́. Èmi àti obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi jọ máa ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn láràárọ̀. Mo kí i lọ́jọ́ kìíní, ó mi orí. Mo kí i lọ́jọ́ kejì, ó ní, “Ṣé ẹ ń wá nǹkan ni?” Láti ọjọ́ kẹta lọ, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà mi. Ní Ifangni, bí mo bá kọjá níwájú ilé mẹ́wàá láì kí ẹnikẹ́ni, kí n tó délé, wọ́n á ti lọ bá bàbá mi pé ṣé ara ọmọ rẹ̀ yá.

Nígbà tí mo dé ọgbà náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin àgbàlagbà kan jáde wá pàdé mi, irun rẹ̀ funfun báláú. Madame Odile ni, ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú igi. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kan ilẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, Madame.” Òun náà bá bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ kiri.

“Kí ló jábọ́ lọ́wọ́ rẹ?” ló bi mí.

Ojú tì mí. Mo ní òrùka mi ni. A jọ wá òrùka tí mi ò ní fún bí ìṣẹ́jú méjì, kó tó wá ní ká máa lọ.

Igi tó pọ̀ jù nínú ọgbà náà ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní pin. Àwọn ará Nàìjíríà tó ń wá sí ọjà Igolo ń pè é ní páìnì, páìnì náà ni mo máa pè é níhìn-ín. Ewé rẹ̀ tinrín bí abẹ́rẹ́, ó sì ń gún èèyàn bí abẹ́rẹ́. Wọn kì í jẹ́ kó dàgbà bó ṣe wù ú. Nígbà tí ooru bá ń bọ̀, ọ̀mùnú tuntun á nà sókè lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bí àbẹ́là, a ó sì máa fi ìka ṣẹ́ wọn sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí igi má baà ga. Bí òtútù bá ń bọ̀, a ó fa ewé tó ti gbó tu, a ó fi àlùmọ́gàjí gé èyí tó ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ẹ̀ka mìíràn wà tí a fi okùn dè mọ́ ọparun kó lè tẹ̀ síbi tí a fẹ́. Igi kan ṣoṣo lè gba èèyàn méjì lọ́jọ́ mẹ́ta. Bí a bá sì ṣe é tán, kò gbọdọ̀ hàn pé ọwọ́ èèyàn kàn án. Madame Odile lo ọdún méje ní Japan nígbà èwe rẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹni tó kọ́ mi gan-an ni ẹnì kejì mi lórí igi, ọkùnrin ará Pọ́túgà kan tó ń jẹ́ Armindo, ẹni bí ọgọ́ta ọdún. Tonton ni mo ń pè é, bí a ṣe ń pe irú rẹ̀ nílé. Faransé rẹ̀ kò dán mọ́rán, ó ń sọ ọ́ ní ègé ègé. Awò ojú rẹ̀ máa ń rọ̀ sọ́rùn rẹ̀ lórí okùn, àwọn tó kù nínú ọgbà a sì máa fi awò náà ṣe ẹlẹ́yà. Láràárọ̀ ló ń bi mí pé, “O sùn dáadáa?” Nínú gbogbo ìlú yẹn, òun nìkan ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gbígbóná wá nínú fíláàsì, ìdérí rẹ̀ ni ife tèmi.

Bàbá mi máa ń pè lọ́jọ́ Àìkú.

“Bureau ńkọ́?”

“Bureau wà dáadáa, Bàbá.”

“Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀?”

“Ó wà.”

Atẹ́gùn oṣù kìíní ti la ètè mi sí méjì lọ́sẹ̀ yẹn. Mo máa ń di fóònù náà mú kó jẹ́ ojú mi nìkan ló ń hàn. Oje igi páìnì kì í bọ́ lọ́wọ́ kíá, ó ń dúdú sínú èékánná, bàbá mi sì mọ ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ igi bó bá rí i.

Ọjọ́ kan wà tí mo dá ṣe igi kan tán. Madame Odile rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó kàn ní, “Ó dára,” ó sì lọ. Tonton ní láti ìgbà tí òun ti dé ibẹ̀, òun ò tíì rí i kí Madame kọjá lára igi ẹni tuntun láì tún un ṣe. Ayọ̀ mi kún. Mo ra ẹja yíyan ńlá kan ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo sè é pẹ̀lú ata bíi tilé, mo jókòó tì í. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún. Kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá mi? Pé mo gé ewé dáadáa? Mo jẹ ẹja náà láì sọ̀rọ̀. Bí irọ́ mi ṣe ń pa ìtìjú mi mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ń pa ayọ̀ mi mọ́. Mi ò jẹ́ ará ìlú yìí, ará ilé mi ò sì mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́. Nígbà mìíràn, mo máa ń bá àwọn igi sọ Yorùbá lórí àkàbà, kí ohùn mi má baà gbàgbé rẹ̀.

Igi páìnì kan wà létí omi ọgbà náà tó dàgbà ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ̀ka rẹ̀ ìsàlẹ̀, èyí tó nà sórí omi, ń kú díẹ̀díẹ̀. Madame Odile ti rí i tipẹ́ pé yóò kú. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó yan ọ̀mùnú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi okùn tẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún, díẹ̀ díẹ̀, kó lè gba ipò ẹ̀ka tó ń kú. Nígbà tí mo dé, ẹ̀ka tuntun náà kò tíì nípọn ju ìka mi lọ, ṣùgbọ́n ó ti gùn tó apá mi, ó sì kọrí sí omi gẹ́lẹ́ bí obìnrin náà ṣe fẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í fi irin súnmọ́ ọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, nínú oṣù karùn-ún. Èmi nìkan ni mo wà lórí igi yẹn, mò ń gé àwọn ẹ̀ka gbígbẹ kéékèèké kúrò nísàlẹ̀. Tonton wà lẹ́yìn òkè kékeré inú ọgbà, níbi tí kò ti lè rí mi. Fóònù mi gbọ̀n nínú àpò. Bàbá mi ni, ó ń pè mí ní fídíò. Mo pa á. Ó tún pè, mo tún pa á. Ó wá fi ohùn ránṣẹ́.

“Ìyá mi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán ni. Lemọ́ọ̀mù wà níbí, Alàájì tó wá láti Banigbé náà wà níbí. Wọ́n fẹ́ kí ẹ. Gbé fóònù yẹn kí wọ́n rí bureau ẹ. Díẹ̀ báyìí ni.”

Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn àgbà náà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń dúró dè mí. Ṣòkòtò iṣẹ́ mi rí bí ohun tí wọ́n fi nu ilẹ̀, ewé wà nínú gèlè mi. Mo ronú pé bóyá kí n sáré lọ sí ilé kékeré tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó sídìí tábìlì wọn fún ìṣẹ́jú kan. Bí mo ṣe ń rò ó, ọwọ́ mi ń gé lọ. Fóònù gbọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta. Mo gé. Ìró tó dún kò jọ ti igi gbígbẹ.

Mo wolẹ̀. Ẹ̀ka Madame Odile ni. Kò tilẹ̀ jábọ́: okùn tó fi dè é ló gbé e dúró, ó ń mì lórí omi, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bíi pé kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun.

Mo tú okùn náà. Mo ki ẹ̀ka náà bọ inú àpò ìdọ̀tí, mo da ewé lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni mo gbé fóònù súnmọ́ ẹnu, mo sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i lórí àkàbà níbẹ̀: “Bàbá, ẹ má bínú, mo wà nínú ìpàdé.”

Nígbà tí a simi tán lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Tonton ní kí n lọ ran àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́, pé òun á bá mi parí igi ẹ̀bá omi. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mo bá a gbé àkàbà síbẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ajé, Madame Odile pe àwa méjèèjì. Ó dúró sídìí igi náà, ó fi àtàǹpàkò bo ojú ibi tí wọ́n gé, bí ẹni ń bo ojú egbò. Kò pariwo. Ohun tó sọ kò ju, “Ọdún mọ́kànlá,” lọ.

Tonton gbé awò rẹ̀ sójú, ó wo ibẹ̀ pẹ́. Ó yọ awò náà, ó nù ún, ó tún wò.

“Èmi ni,” ló wí. “Madame, èmi ni mo wà lórí igi yìí ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Mi ò rí i. Mi ò rí i rárá.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú, Armindo?”

“Ta tún ni? Ọmọbìnrin yìí, ojú tirẹ̀ dára. Tèmi ni kò dára mọ́.”

Madame yí sí mi. “Ìwọ, ṣé o rí i nígbà tó ń gé e?”

“Rárá, Madame,” ni mo dáhùn.

Òótọ́ ni mo sọ. Mi ò rí i kó gé e. Bí mo ṣe mọ òótọ́ í lò láti fi purọ́ nìyẹn. Mo ti fi bàbá mi kọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, Tonton fa àlùmọ́gàjí rẹ̀ yọ nínú àpò awọ. Irin dúdú ni, ó ti dán níbi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà. Ó fi lé mi lọ́wọ́. “Gbà,” ó ní. “Ojú ẹ dára.” Láti ọjọ́ yẹn, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé òun sórí igi mọ́. Ó ń gbálẹ̀, ó ń fi ráàkì, irin eléyín tí wọ́n fi ń kó ewé, to òkúta wẹ́wẹ́, kò sì gbójú sókè wo igi mọ́.

Mo ní àwíjàre tèmi. Mò ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ tirẹ̀ kò lè bọ́, pé ó ti pẹ́ níbẹ̀, pé èmi ni ìwé iṣẹ́ mi ń parí lóṣù kẹsàn-án. Mò ń sọ ọ́ láàárọ̀, mò ń sọ ọ́ lálẹ́, kò sì dùn létí mi lọ́jọ́ kan. Ó ṣì ń bi mí pé ṣé mo sùn dáadáa. Ó ṣì ń da ọbẹ̀ sínú ìdérí fún mi. Mò ń mu ún, ojú mi wà nílẹ̀.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án dé, wọ́n fún mi níṣẹ́ pátápátá. Kò sẹ́lòmíràn tó lè gun igi mọ́. Mo sọ fún bàbá mi pé wọ́n ti fìdí mi múlẹ̀ ní mairie. Ó din àkàrà, ó ṣe sàárà ní mọ́ṣáláṣí, ó sì fi ohùn àwọn àgbà ránṣẹ́ sí mi. Lemọ́ọ̀mù ní, “Ọlọ́hun kò ní dójú tì ẹ́, ọmọ wa.” Gbogbo wọn ṣe àmín, ohùn bàbá mi ló ròkè jù. Mi ò lè gbọ́ ọ tán.

Nínú oṣù kọkànlá, èmi àti Tonton jókòó lórí àga gígùn tó wà lẹ́yìn ilé irin-iṣẹ́, a ń mu ọbẹ̀. Ó ní òun ti lọ rí dókítà ojú.

“Kí ló wí?” mo bi í.

“Ó ní ojú mi kò ṣe nǹkan kan. Awò yìí tó. Ojú mi dára fún ọjọ́ orí mi.” Kò rẹ́rìn-ín. “Tí kì í bá ṣe ojú, orí mi ni nígbà náà.”

Ó sọ fún mi pé orí ìyá òun ló kọ́kọ́ lọ kó tó kú. Pé ó parí sí ibi tí kò mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó yọ ìwé kékeré kan láti àpò. Ó ti kọ ọ́ kún: Mo ti pa gáàsì. Mo ti ti ilẹ̀kùn. Mo ti pe Lúcia, ìyẹn ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Pọ́túgà. Ojoojúmọ́ ló ń kọ ọ́, kó lè mọ̀ bí orí rẹ̀ bá ń lọ.

“Mi ò rántí pé mo gé ẹ̀ka yẹn,” ó ní, ó fi ìka kan iwájú orí rẹ̀. “Mo ronú, mo ronú. Mo rántí àkàbà. Mo rántí omi. Ẹ̀ka, kò sí níbẹ̀.”

Mo gbé ọbẹ̀ sílẹ̀.

“Kò sí níbẹ̀ torí pé ẹ̀yin kọ́ lẹ gé e, Tonton. Èmi ni. Mo ti gé e kí ẹ tó gun igi.”

Kò yé e. Mo tún un sọ, mo sọ ọ́ ní ègé ègé bó ṣe máa ń sọ tirẹ̀. Mo rí i tó yé e. Ojú rẹ̀ ò le, kò pupa, ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wá ibi tó ti mọ̀ mí rí.

“Oṣù mélòó?”

“Mẹ́fà.”

“Oṣù mẹ́fà,” ó ní, “ni mo fi ń dágbére fún orí ara mi.”

Ó gba ìdérí fíláàsì lọ́wọ́ mi, ó da ọbẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ sórí koríko, ó dé fíláàsì. Ó dìde. “Àlùmọ́gàjí mi dà?” Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó lọ.

Mo lọ bá Madame Odile kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo sọ ohun gbogbo, títí kan ìpè bàbá mi àti àpò ìdọ̀tí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ẹ̀ka ti lọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ó ní ọkùnrin yẹn ni kí n lọ ronú lé lórí. Kò lé mi. Ó ní kí n sọ̀kalẹ̀ lórí igi. Ìgbálẹ̀ àti ráàkì ni tèmi títí ọdún tó ń bọ̀ yóò fi parí. Mo ní mo gbà.

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni mo pe bàbá mi.

“Bàbá, mi ò ní bureau.”

Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ìdánwò tí mo pàdánù, ọgbà, àkàbà, ẹ̀ka, Tonton. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, mo gbọ́ àkùkọ tó ń kọ ní àgbàlá wa, mo gbọ́ ọ̀kadà tó kọjá.

“Mò ń gbọ́ ẹ,” ó ní. Lẹ́yìn náà: “Igi lò ń gé.”

“Igi ni, Bàbá.”

“Igi ni èmi náà gé tí mo fi tọ́ ẹ. Ní gbogbo ọdún tí o fi ń tijú kí n má gbọ́ pé igi lò ń gé, ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọlé síbi tí ọ̀rọ̀ kan kò tíì dé rí lára mi. Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ gba àdá lọ́wọ́ mi, Bàbá.”

Ó ní, “Òótọ́ ni. Mo gbà á. Kí iṣẹ́ má baà pa ẹ́ ni mo ṣe gbà á. Mi ò ní kí ojú tì ẹ́.” Ó mí kanlẹ̀. “Jímọ̀ tó ń bọ̀, mo máa sọ fún Lemọ́ọ̀mù bó ṣe rí. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ.”

“Ẹ̀yin ò mọ̀, Bàbá.”

“Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ. Ọkùnrin yẹn ńkọ́? Kí ló wí?”

“Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.”

“Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.”

“Kò gbọ́ Yorùbá, Faransé tiyín náà kò tó.”

“Ìwọ ò gbọ́ méjèèjì ni?”

Ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú ló pè, ní fídíò. Òjò ti rọ̀ ní àárọ̀, mò ń kó abẹ́rẹ́ páìnì jọ nísàlẹ̀. Tonton wà lórí igi kejì sí mi, àlùmọ́gàjí rẹ̀ ń dún. Mo gbé fóònù. Bàbá mi ti wẹ̀, ó wọ agbádá Jímọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ó jókòó síwájú ilé wa. Ó rí mi pẹ̀lú ráàkì lọ́wọ́, ó rí ọwọ́ mi. Kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

“Gbé mi lọ bá a.”

Mo lọ sídìí àkàbà náà. “Tonton, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá mi ni.” Ó wo ìsàlẹ̀. Mo rò pé kò ní dáhùn, ṣùgbọ́n ó pa àlùmọ́gàjí rẹ̀ dé, mo sì na fóònù sókè sí i.

Bàbá mi ṣí fìlà. “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Èmi ni mo bí i. Ohun tó ṣe yín, ìwà burúkú ni. Ó jẹ́ kí ẹ máa bẹ̀rù orí ara yín nígbà tó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe yín. Mi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ni mò ń pè é tí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣì. Mo bẹ̀ yín.”

Mo yí i sí Faransé. Mo ní bàbá mi kí i, pé ó ní kó má bínú sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Dúró,” bàbá mi ní. “Èyí tí mo sọ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé o sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́?”

Ilẹ̀ ò lanu. Mo gbójú sókè sí Tonton, mo tún un sọ pátá. Mo sọ ìwà burúkú. Mo sọ pé mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe orí rẹ̀, mo sì jẹ́ kó máa bẹ̀rù. Omi ń dà lójú mi, àmọ́ mi ò fo ọ̀rọ̀ kan.

Tonton wo ọkùnrin tó ṣí fìlà nínú fóònù náà, ó wò ó pẹ́. Ó mi orí sí i lẹ́ẹ̀kan.

“Sọ fún un pé mo ti gbọ́,” ó ní. Ó yí padà sí igi, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, àkàbà náà sì rì díẹ̀ nínú ilẹ̀ tútù. Láì wò mí, ó ní, “Di àkàbà mú.”

“Kí ló wí?” bàbá mi bèèrè.

“Ó ní òun ti gbọ́, Bàbá. Ó ní kí n di àkàbà mú.”

“Kí lo wá ń fi ọwọ́ gbé èmi dání fún?” bàbá mi ní. “Gbé mi sílẹ̀.”

Mo gbé e sílẹ̀ sórí koríko, ojú rẹ̀ sókè sí ọ̀run, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà náà mú.